Àwọn Ọmọ Bàbá Take Jẹ Ẹ̀bà Mojírayọ̀

Ẹ wá jẹun o. Mo gbọ́, á gba ibi ire, ẹ ṣeun. Ẹ jókòó, Ìyá Gbénró, ẹ fa àpótí yẹn mọ́ra. Ìwọ Ṣọlápé, ìyàwó wa, jókòó sórí ẹní, má dúró lé mi lórí bí ọlọ́pàá. Mo mọ̀ pé igbe tí mo ké láàárọ̀ ló gbé yín wá. Ẹ máa gbọ́ ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní fún yín, nítorí inú ṣì ń bí mi sí i, bí mi ò bá sì sọ ọ́, ẹ̀bà yìí ò ní lọ lọ́fun mi. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀bà àná ni. Mo rí bí Ṣọlápé ṣe ń wò ó. Ó ti le bí ọṣẹ, mo sì ń jẹ ẹ́. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Ẹ mọ̀ pé Mojírayọ̀ nìkan ni mo bí. Ẹ mọ̀ pé ìwé ló gbé e dé Slovenia, àti pé ibẹ̀ ló ti pàdé Matjaž, ọmọ òyìnbó tó wá kí wa lọ́dún méjì sẹ́yìn, tó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú ẹrẹ̀ níwájú ilé yìí, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé bó bá ti rí mi báyìí, kó dọ̀bálẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Ohun tí ẹ ò mọ̀, tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ni pé oyún Mojírayọ̀ ò rọrùn rárá. Ọmọ dábùú. Dókítà ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, ìyẹn òní, làwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Matjaž wà lójú òkun níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, kò lè dé kó tó di ọjọ́ Àìkú. Èmi tó yẹ kí n wà níbẹ̀, kí n di ọwọ́ ọmọ mi mú, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi físà dù mí. Nínú lẹ́tà ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kò dá àwọn lójú pé màá padà sílé. Èmi! Èmi tí mo ní adìyẹ mẹ́rìnlá àti ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò! Ta ni mo fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ fún?

Ó wá ku àna mi, Màmá Vida, ìyá Matjaž. Òun nìkan ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi. Obìnrin yìí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ká má tíì sọ Yorùbá. Èmi náà ò gbọ́ èdè tiwọn ju ẹ káàárọ̀ lọ. Bí a bá pàdé lórí fóònù, a kàn máa ń mi orí síra wa bí alángbá méjì ni, Mojírayọ̀ á wá dúró sáàárín, á máa túmọ̀. Ní báyìí tí Mojírayọ̀ fúnra rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ta ló máa túmọ̀?

Mo ní gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́ sọ fún obìnrin yẹn lẹ́nu ara mi. Kó bá mi tọ́jú ọmọ mi. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni take care, mo sì fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ilé ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní eléyìí ò lè le. Mo gbé ìwé atúmọ̀ èdè tí Matjaž gbàgbé síbí, Gẹ̀ẹ́sì lápá òsì, èdè wọn lápá ọ̀tún. Mo wá take. Ẹ gbà mí o! Ojú ìwé méjì gbáko! Take tó ń mú nǹkan, take tó ń lo oògùn, take tó ń gba àkókò, take tó ń ya fọ́tò, kálukú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lódì kejì. Mo ti tẹ ẹ̀bà yìí sílẹ̀ kí n tó ṣí ìwé. Ó tutù. Mi ò lè fi kan ẹnu. Mo fi ìdérí bò ó, mo ṣa ọ̀rọ̀ jọ, mo ń kọ́ gbólóhùn mi sórí títí di òru, mo wá gbé ìwé lé àyà, oorun sì gbé mi lọ.

Kí n tó mọ̀, mo ti wà ní ọ́fíìsì físà. Ọ́fíìsì yìí ò sí nílẹ̀ o. Ó ń fò lókè pápá ìṣeré ilé ìwé tí mo ti ṣe tíṣà, wọ́n fi okùn tí wọ́n ń sá aṣọ lé so ó mọ́ òpó gòólù kí atẹ́gùn má bàa gbé e lọ. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Ohun tó bí mi nínú ni pé kò sí àkàbà. Bẹ́ǹṣì ọmọ ilé ìwé ni wọ́n tò lé ara wọn, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ físà kó gùn ún. Èmi tí mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, pẹ̀lú orókún mi tí ẹ mọ̀ yìí, mo gùn ún. Mo sì ru kúlà lórí. Ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ rírò ló wà nínú kúlà náà, mò ń gbé e lọ fún Mojírayọ̀, kí ọmọ mi má bàa jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kí wọ́n máa fún un ní búrẹ́dì gbígbẹ.

Ọkùnrin kan jókòó lẹ́yìn fèrèsé, ó so táì, ó dá irùngbọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí.

"Ọ̀rọ̀ wo lẹ wá gbà?" ló bi mí.

"Ẹ káàárọ̀ ná," mo ní.

"Ìyẹn ò sí lórí fọ́ọ̀mù. Ọ̀rọ̀ wo?"

"Take care. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Slovenia. Ọmọ mi wà lọ́wọ́ wọn níbẹ̀."

Ó ṣí ìwé ràgàjì kan, ó fi ìka wá a. "Take wà. Ṣùgbọ́n a kì í yọ ọmọ ẹyọ kan nínú ilé onílé. Ẹ ní láti kọ́kọ́ rí bàbá wọn. Ẹ kọ orúkọ yín síbí."

Ó na fọ́ọ̀mù sí mi. Kí n tó yọ bírò, ó ti fà á padà, ó ti ń jẹ ẹ́ létí. Ó ń jẹ ẹ́ lọ, táì rẹ̀ ń mì, etí rẹ̀ ń gùn sí i, nígbà tó fi máa jẹ ẹ́ dé ibi tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí, ó ti di ewúrẹ́. Irùngbọ̀n yẹn ti ń sọ fún mi tẹ́lẹ̀.

"Ọ̀gá," mo ní, "fọ́ọ̀mù mi lẹ ń jẹ yẹn o."

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀," ó ní.

Òǹtẹ̀ tó wà lórí tábìlì ló dá sí i. "Ìyá, ẹ má dá a lóhùn. Bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Èyí tó bá ti jẹ, a ti gbà á wọlé."

"Ṣé wọ́n ti fún mi ní físà nìyẹn?"

"Rárá o. Inú ikùn la gbà á wọlé sí."

Mo pòṣé. Mo ní irú ìwàkíwà wo nìyí, àgbàlagbà ń gun bẹ́ǹṣì wá sókè kí ewúrẹ́ wá fi ìwé rẹ̀ jẹun. Òǹtẹ̀ ní kí n má bínú, ó fò, ó lẹ̀ mọ́ mi níwájú orí, pàá! Ó ní mo lè wọlé báyìí. Ewúrẹ́ fi orí kan ilẹ̀kùn kan lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí, ó sì ń lọ níwájú, èmi náà tẹ̀lé e. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn, inú ìwé atúmọ̀ èdè ni. Ilẹ̀ funfun báláú, lẹ́tà dúdú là ń gbẹ́sẹ̀ lé bí ẹni ń fi òkúta kọjá odò. A dé agbolé kan. Bàbá arúgbó kan jókòó sórí ẹní láàárín àgbàlá, ó rù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Mo gbé kúlà dání, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kúulé o, bàbá."

"Dìde. Èmi ni Take. Mo bímọ púpọ̀, mi ò kà wọ́n mọ́. Gbogbo wọn ló bá ará Slovenia ṣègbéyàwó. Èwo lo wá wá nínú wọn?"

Kí n tó dáhùn, wọ́n ti ń jáde láti inú yàrá, ní méjì méjì, tọkọtaya. Ẹ gbọ́, gbogbo àwọn ọmọ náà ló jọ bàbá wọn, imú kan náà, ẹsẹ̀ kan náà, aṣọ kan náà. Bí kì í bá ṣe ti ọkọ tàbí aya tí wọ́n fà lọ́wọ́, o ò lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ìyàwó àkọ́bí ni wọ́n ń pè ní Vzeti. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa mú nǹkan. Bó ṣe ń bọ̀ mí lọ́wọ́ ló ti mú yẹtí mi ọ̀tún. Èyí tó tẹ̀lé e ni Peljati, òun ló ń fi mọ́tò gbé èèyàn láti ibì kan dé ibòmíràn, ó gbá sítíárì mọ́ àyà ṣùgbọ́n mi ò rí mọ́tò. Jemati ń lo oògùn, iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ nìyẹn, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Slikati ń ya fọ́tò, iná kámẹ́rà rẹ̀ ń bù yẹ̀rì sí mi lójú. Ọ̀gbẹ́ni kan tún wà tó ń jẹ́ Trajati. Tirẹ̀ ni kí nǹkan máa gba àkókò. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ló ti la ẹnu láti kí mi, "Dooo…" ló ṣì wà.

"Bàbá," mo ní, "gbogbo wọn dára, Ọlọ́run á bá wa dá wọn sí. Ṣùgbọ́n èyí tó ń tọ́jú èèyàn ni mò ń wá."

"Áà, àbíkẹ́yìn mi. Pazite ni ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́. Ilé ìwòsàn ló ń ṣiṣẹ́. Ó ń bọ̀."

"Ìgbà wo ló máa dé?"

"Ọ̀rọ̀ àkókò, Trajati ni kó o bi."

Mo kọjú sí Trajati. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gbẹ́ni, ìgbà wo?"

"Dooo…" ló ní.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a létí. Aago kan tó wà lára ògiri bojú wò mí, ó ní, "Ìyá, ìdájí ti ń sún mọ́ o. Wọ́n ti ń fọ àwọn ọ̀bẹ." Mo ní ṣé kí n máa lọ ni, aago ní ibo ni mo fẹ́ lọ. Òtítọ́ ló sọ. Mo jókòó sẹ́bàá ẹní, mo sọ kúlà kalẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe. Mo ní kí n ṣí kúlà díẹ̀, kí n wò ó bóyá ọbẹ̀ ti dà nígbà tí mò ń gun bẹ́ǹṣì. Òórùn ẹ̀fọ́ jáde. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ẹ sọ ọ́, ẹ̀yin náà, kí ni mo máa ṣe? Kí n ṣí oúnjẹ sílẹ̀ lójú èèyàn, kí n pa ẹnu mọ́? Ìyá tó bí mi ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Ẹ wá jẹun o."

Mo wá ń dúró kí wọ́n sọ pé á gba ibi ire. Ṣebí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn? O óò pè mí, màá súre fún ọ, o óò jẹ oúnjẹ rẹ, kálukú á máa bá tirẹ̀ lọ. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń pe Ìyá Gbénró wá jẹun nínú ọgbà yìí. Ìyá Gbénró, ǹjẹ́ ẹ ti ki ọwọ́ bọ àwo mi rí? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo? Ẹ̀hẹ́n.

Àwọn ọmọ Bàbá Take dìde. Wọ́n lọ fọwọ́.

Mo rò pé eré ni. Wọ́n padà wá, wọ́n yí kúlà ká, ẹni tó ju ogójì lọ. Vzeti ló kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹja gbígbẹ méjèèjì ló mú lẹ́ẹ̀kan náà. Jemati ń gbé òkèlè mì pẹ̀lú omi, ó ń ju orí sẹ́yìn bí ẹni ń gbé hóró oògùn mì. Peljati fi pọ̀ǹmọ́ lé orí sítíárì, ó wà á lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Trajati fi òkèlè kan sẹ́nu, ó sì ń jẹ ẹ́ níbẹ̀, ó ń jẹ ẹ́, ó ṣì ń jẹ ẹ́. Slikati ò jẹun, ó kàn ń ya fọ́tò bí oúnjẹ mi ṣe ń tán. Ewúrẹ́ ọ́fíìsì físà náà ti gbé orí wọlé láàárín wọn, ó ń lá ìdérí.

"Ẹ dúró!" mo kígbe. "Ẹ dúró ná! Mo ní kẹ́ ẹ wá jẹun, mi ò ní kẹ́ ẹ wá jẹun!"

Bàbá Take gbé òkèlè dúró lójú ọ̀nà ẹnu. "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o pè wá ni àbí o ò pè wá?"

"Mo pè yín."

"A sì wá."

"Wọn kì í wá, bàbá! Wọ́n máa ń súre ni!"

"Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí?" Ó yíjú sí àwọn ọmọ rẹ̀. "Ẹ wò ó bóyá ó wà nínú ìwé."

Gbogbo wọn dojú bolẹ̀, wọ́n ń wá a lórí ilẹ̀ tí à ń jókòó lé, lẹ́tà lẹ́tà, ọbẹ̀ ń kán sórí ìwé. Òǹtẹ̀ tó wà níwájú orí mi ló kéde àbájáde. Ó ní, "Kò sí i. Ẹni tó bá pe èèyàn wá jẹun ti pe èèyàn wá jẹun." Wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Ẹ̀yin èèyàn, nígbà tó ku òkèlè kan, mo gbọ́ ohùn Mojírayọ̀ láti ìsàlẹ̀ kúlà. Ohùn rẹ̀ gan-an ni, bó ṣe máa ń rí nígbà tí ibà bá ń ṣe é ní kékeré. "Màámi, mò ń gbọ́ òórùn ẹ̀fọ́. Ṣé ẹ ti ń bọ̀?"

Ẹkún ló gbọ̀n mí. Mi ò tijú wọn, mo sun ún bí ọmọdé. Mo ní, "Oúnjẹ ọmọ mi ni! Wọn ò jẹ́ kí n lọ. Wọ́n ní mi ò ní padà. Oúnjẹ yìí nìkan ni mo lè gbé lọ fún un, ẹ sì ti jẹ ẹ́ tán!"

Ojú tì wọ́n díẹ̀. Vzeti yọ yẹtí mi nínú àpò, ó fi lé mi lọ́wọ́ bíi pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Peljati ní kí n máà sunkún mọ́, òun á gbé mi lọ bá ọmọ mi. Ara mi yá gágá! Mo di ìbàdí rẹ̀ mú, a gbéra, ó ń yí sítíárì, a yí ẹní bàbá po nígbà méje, ó sì sọ̀ mí kalẹ̀ síbi tí mo ti dìde gẹ́lẹ́.

"Kí ló dé?" mo bi í.

"Ẹ ò ní físà," ó ní.

Mo ní Ọlọ́run á dá a fún ọ. Mo ń wá bàtà tí màá jù lù ú nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Obìnrin kúkúrú kan ló wọlé, ó wé gèlè pẹlẹbẹ, yìnyín wà lórí gèlè náà, bàtà rẹ̀ rin ṣinṣin. Ó ti rẹ̀ ẹ́, èèyàn rí i lójú rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú kúlà òfìfo láàárín ẹsẹ̀. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti mọ́ ẹnu lára kì í fi í sílẹ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti tún sọ ọ́.

"Ẹ wá jẹun o."

Ó wo inú kúlà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àyàfi hóró ata kan. Ó rọra tẹ orí ba.

"Á gba ibi ire o," ó ní.

Ìdérí bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni wá sọ fún mi, mo mọ̀ pé òun ni Pazite. Mo di aṣọ rẹ̀ mú ṣinṣin. "Ìyá, ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Ọmọ dábùú sí i nínú. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Mi ò sí níbẹ̀. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀."

"Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sùn," ó ní. "Mo kàn wá pààrọ̀ bàtà ni. Ẹ jẹ́ kí n padà, wọ́n ń pè mí."

"Ẹ mú mi dání!"

"Ẹ fi aṣọ mi sílẹ̀, ìyá. Bí ẹ bá dì mí mú, ta ló máa dì í mú?"

Mo fi aṣọ sílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé kò rọrùn fún mi. Ó pààrọ̀ bàtà, ó jáde. Ibi tí mo ti ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ ni ewúrẹ́ ti rí okùn aṣọ tó so ọ́fíìsì mọ́lẹ̀, kò sì sí nǹkan míì tó tún fẹ́ jẹ lẹ́yìn ẹ̀fọ́ mi bí kò ṣe okùn náà. Okùn já. Gbogbo ilé wá ń yí gbirigbiri, lẹ́tà ń dà sílẹ̀ bí ẹ̀wà, òǹtẹ̀ bọ́ lórí mi, Bàbá Take ń ké pé ta ló máa kó abọ́. Trajati gbé òkèlè rẹ̀ mì nígbẹ̀yìngbẹ́yín, ó sì parí ìkíni tó ti ń kí mi láti àárọ̀.

"…bro jutro," ó ní.

Mo la ojú. Ìwé ti jábọ́ láti àyà mi sílẹ̀, gbàà. Ewúrẹ́ yín, Ìyá Gbénró, ẹ má wulẹ̀ jiyàn, ewúrẹ́ yín ló dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń jẹ lẹ́tà tí àwọn ọ́fíìsì físà kọ sí mi. Mo jẹ́ kó jẹ ẹ́. Fóònù ń dún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ̀ ẹ́ kó tó gbà.

Ojú Màmá Vida ló yọ. Kò sí Mojírayọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun nìkan ni, ó jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, aṣọ tó wọ̀ lánàá ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, irun rẹ̀ rí jágajàga. Ó ní, "Dobro jutro." Ẹ káàárọ̀ nìyẹn. Èmi náà la ẹnu láti sọ gbólóhùn tí mo fi gbogbo alẹ́ kọ́ sórí, Prosim, pazite na mojo hčer, kó bá mi tọ́jú ọmọ mi. Ó fò lọ. Kò sí ẹyọ kan nínú rẹ̀ lórí mi mọ́. Mo kàn ń wo obìnrin náà, obìnrin náà ń wò mí.

Mo wá rí i pé ó ń jẹun. Búrẹ́dì gbígbẹ kan ló mú lọ́wọ́. Nígbà tó rí i pé mo ń wo búrẹ́dì náà, ó gbé èyí tó wà lẹ́nu mì kíákíá, ó nu ẹnu, ó wá gbé búrẹ́dì sókè sí mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ó ní, "Ẹ wá jẹun o."

Bó ṣe sọ ọ́ wọ́, kò wọ́ jù fún mi. Mo gbọ́ ọ. Mo sì wo ẹ̀bà mi tó wà níbẹ̀ láti àná pẹ̀lú ìdérí lórí, tí mi ò lè fi kan ẹnu. Mo mọ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀ ò lè jẹ búrẹ́dì yẹn. Kò tíì sọ nǹkan kan fún mi, mo ti mọ̀.

Mo ní, "Á gba ibi ire o." Ìgbà yẹn ni mo ké, tí ẹ gbọ́.

Ó dìde, ó gbé fóònù wọ yàrá kan. Ẹkún ọmọ tuntun ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ó ń han bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Mo wá gbọ́ Mojírayọ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó ní, "Màámi, obìnrin ni. Ẹ má sunkún." Mo gbóhùn ìyá, mo gbóhùn ọmọ. Ó ní láti ọ̀sán àná ni Màmá Vida ti ń yọ òun lẹ́nu pé kí òun kọ́ ọ ní ohun kan tó lè sọ fún mi lédè mi, ohun kan péré. Ó ní òun rò ó títí, ìyẹn lòun fi kọ́ ọ. Èmi ń yẹ ojú ìwé méjì wò níbí, òun náà ń da ọmọ mi láàmú lọ́hùn-ún.

Ìdí tí ẹ fi bá mi nídìí ẹ̀bà àná nìyẹn. Mo jókòó tì í kí n tó fọ ojú, ebi ọjọ́ mẹ́ta ló ń pa mí. Ó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ rẹ̀ ṣì dùn, ẹja méjèèjì sì wà níbẹ̀.

Ó yá, Ìyá Gbénró. Ṣọlápé. Ẹ wá jẹun. Rárá, rárá, ẹ má sọ á gba ibi ire fún mi lónìí. Ẹ wá jẹun ni mo wí. Omi wà nínú ike yẹn, ẹ fọwọ́.